Àgbo Tíì Tí Ìyá Mi Sè fún Àkọ̀wé

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí òórùn ewé sísè jí mi nílé wa ní Agége. Mo rò pé ibà tún ti mú ẹnì kan nínú wa ni. Àṣé tíì ni. Kì í ṣe ti oníkòkó tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní tíì títí dòní o. Tíì ewé gan-an.

Nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sìfáwù, ni wọ́n ṣe ń sè é. Àkọ̀wé kan ní iléeṣẹ́ òyìnbó ní Ìkẹjà fẹ́ fi í ṣe aya, ó sì ń bọ̀ wá gbọ́ èsì lẹ́nu bàbá mi. Kò sí ìgbà tó wá tí kì í sọ pé òun kì í fi ẹ̀kọ jí. Tíì ni òun ń mu, torí ohun ìní òyìnbó ni. Bàbá mi, káfíńtà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. "Bí a bá gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀, ará oko ni yóò pè wá," ni wọ́n wí, wọ́n sì ra páálí tíì kan bọ̀.

Ìyá mi kò mu tíì rí. Ṣùgbọ́n ewé ni wọ́n bá nínú páálí, wọ́n sì mọ ohun tí à ń fi ewé ṣe. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò àgbo, wọ́n bomi sí i, wọ́n koná mọ́ ọn láti ìdájí. "Ewé tí kò bá rí iná tó, kì í jẹ́," bí wọ́n ti máa ń wí. Kí àkọ̀wé tó dé, omi náà ti dú bí aró.

Jímọ̀, tó ń gbé búrẹ́dì wá fún wa láti ilé búrẹ́dì ẹ̀yìnkùlé wa, bá wa níbi tí Ìyá mi ti ń bù ún sínú ife fún àkọ̀wé. Ìyá mi bu díẹ̀ fún òun náà. Ó fẹnu kàn án, ó sì yára gbé ife sílẹ̀.

"Háà, Ìyá! Àgbo ibà lẹ fi ń ṣe àlejò ni?"

Bàbá mi wò ó bí ẹni pé kí ilẹ̀ gbé e mì. Àkọ̀wé bú sẹ́rìn-ín.

"Oníbúrẹ́dì, kí lo mọ̀? Bí ọ̀gá mi òyìnbó ṣe ń mu ún gan-an nìyí."

Ó da ti inú ife rẹ̀ sọ́fun. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ tún bù sí i." Wọ́n bù sí i, ó mu ún tán. Òógùn ń ṣàn wọnú táì rẹ̀.

Sìfáwù nìkan ni kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí ó lọ tán, Bàbá bi í pé èsì wo ni kí àwọn fún un.

"Bàbá, ẹ má fi mí fún un. Ẹni tó lè purọ́ fún ọ̀fun ara rẹ̀, irọ́ wo ni kò ní pa fún mi?"

Bàbá bínú títí, ṣùgbọ́n wọn kò fi dandan mú un. Jímọ̀ ló padà fẹ́ ẹ.

Ìgbà tí mo di olùkọ́ ni mo kà á pé Ṣáínà ni ewé yìí ti wá, àti pé bí oògùn ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ń mu ún níbẹ̀. Òyìnbó rà á lọ́wọ́ wọn, ó lọ gbìn ín sí Íńdíà, ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e yí ayé ká, ó wá gbé e dé Ìkẹjà bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ló ti hù. Àkọ̀wé wa sì ń bá a fọ́nnu!

Lọ́jọ́ náà, mo rò pé àkọ̀wé ló ń tọ́ tíì wò. Ní báyìí tí orí mi ti funfun, tí èmi náà ń mu ún láràárọ̀, mo mọ̀ pé tíì ló tọ́ àkọ̀wé wò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ yín: ohun tó bá korò lẹ́nu wọn, kí wọ́n sọ pé ó korò, ẹni yòówù kó ni ín.