Ọkọ̀ Mi àti Òkè Ìlawẹ̀

Ìyá mi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ mi ní àárín òkè tí èèyàn ń gùn wọ Ìlawẹ̀, ó kó aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn ín dé òkè. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń mú, àwọn tó ń ta àgbàdo sísun lẹ́bàá ọ̀nà sì ń wò wá. Òun àti àwọn ìyá ìjọ rẹ̀ mẹ́ta ni mo gbé bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́, níbi tí wọ́n ti wá bá mi ṣe ìdúpẹ́ ọkọ̀ náà gan-an. Àdúrà tí pásítọ̀ gbà sí i kò tí ì pé wákàtí méjì.

Nígbà tí a dé ibi tí òkè náà ti le, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ. Mo já a sí gíà kejì, mo já a sí gíà kìíní, mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, ó kàn ń gbọ̀n ni. Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo bẹ àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ kò lọ. Ni ìyá mi bá ṣílẹ̀kùn tiẹ̀. Ìgbà tí ó wá ku èmi nìkan nínú ọkọ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ara rẹ̀ lọ, àwọn ìyá sì ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn.

Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, “Ìyá Tíṣà, ṣé ọkọ̀ ló ń gbé wa rulé ni, àbí àwa là ń sin ọkọ̀ rulé?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn alágbàdo. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín.

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn mí tó, ẹ ní láti mọ bí ìyá mi ṣe ti fọ́nnu tó. Èdè Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Àkúrẹ́ ni mo wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí wọ́n ní kí oníkálukú kó ẹrù rẹ̀ padà sílé, Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé mi wá. Ìlawẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà mo sún mọ́ ilé, inú mi dùn. Lọ́dún kejì mo lọ sí Kútọnu, mo lọ ra ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀ aláwọ̀ búlúù kan tó ti ilẹ̀ Faransé wá. Gbogbo àwọn tí a jọ lọ ló wá ògbufọ̀. Èmi kò wá ẹnì kankan. Èmi àti ọkùnrin tó ń tà á jọ na ọjà náà ní èdè rẹ̀, títí ó fi bi mí pé ìlú wo ni mo ti wá ní ilẹ̀ Faransé. Mo ní Ìlawẹ̀ ni.

Ìtàn yìí ni ìyá mi gbọ́ tó gbé kiri gbogbo ìjọ. Kò sí ẹni tí kò sọ ọ́ fún. Ó ní ọmọ òun bá ará Kútọnu sọ èdè wọn, ó sì fi gba ọkọ̀ bọ̀. Ó ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ takisí ti parí. Ẹ wá rò ó wò, kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ máa fẹsẹ̀ gun òkè lẹ́yìn ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Nígbà tí a délé, ó bọ́ gèlè rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: “Mi ò gùn ún mọ́. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń ṣuṣẹ́.”

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Inú mi tètè máa ń ru, mi ò ní purọ́. Mo pinnu níbẹ̀ pé ìyá mi yóò tún jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta yóò wà lẹ́yìn, a ó sì gun òkè náà láìsí ẹni tó máa bọ́ sílẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ bá mẹkáníìkì mi ní Ìkẹ́rẹ́. Àgbàlagbà ni, kì í yára sọ̀rọ̀, ó sì ní rọ́bà gígùn kan tó máa ń fi etí kan sí, tí yóò fi ìdí kejì kan ẹ́ńjìnnì, tí yóò máa gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ bí dókítà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti yọ tẹmọsítátì rẹ̀ sọ nù. Gbogbo mẹkáníìkì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ó ní kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná nínú òtútù ni àwọn òyìnbó ṣe fi í síbẹ̀, àti pé àwa kò ní òtútù ní Ìkẹ́rẹ́. Mo gbà. Lẹ́yìn ọ̀ràn òkè yìí, ó fọ kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tún táìmìnnì tò. Láàárọ̀ kùtùkùtù ọkọ̀ máa ń sáré dáadáa. Tó bá ti di ọ̀sán, tó rí òkè, ó tún di hẹlẹhẹlẹ. Ọkùnrin náà mi orí, ó ní òun kò mọ ohun tó ń ṣe é.

Ni mo bá gbé e lọ sí Adó. Adó ti ń di ìlú ńlá nígbà yẹn, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń tú wá láti Ìbàdàn àti Èkó, ọ̀kan sì wà nínú wọn tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ pé kò sí ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe bíi tirẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ funfun, ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí abẹ́rẹ́ ń jó nínú rẹ̀. Ó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì mi, ó wo abẹ́rẹ́, ó sì ní ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí òun yọ àpótí fílítà afẹ́fẹ́ tó bá ọkọ̀ wá, kí òun fi fílítà tuntun kan tó ń dán yanranyanran rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi sọ́kọ̀ kó lè máa bú bíi kìnnìún. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, òun yóò yọ ẹ́ńjìnnì náà lódindi, òun yóò fi òmíràn sí i. Ó tilẹ̀ ní òun ní ọ̀kan nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, “Mà, ẹ ní kí dádì wá. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, àwa ọkùnrin la máa jọ sọ ọ́.”

Mo ní, “Ẹni tó ni ọkọ̀ ló dúró síwájú yín yìí. Ẹ bá a sọ ọ́.”

Síbẹ̀, fílítà tó ń dán yẹn wù mí gan-an. Mo gbé e lọ́wọ́, mo ń yí i síbí, mo ń yí i sọ́hùn-ún, mo ti ń fojú inú wo bí yóò ṣe máa bú nígbà tí mo bá ń wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Mo kàn bi í pé orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná yìí ló máa wà, ṣé afẹ́fẹ́ gbígbóná náà kọ́ ni yóò máa mí? Ó rẹ́rìn-ín. Mo tún bi í pé, èyí tó wà níbẹ̀ ńkọ́, ibo ni òun ti ń mí? Ó padà sí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo gbé fílítà sílẹ̀, mo sì wakọ̀ mi padà sí Ìkẹ́rẹ́.

Ìbéèrè tí kò dáhùn kò kúrò lọ́kàn mi. Ní àárọ̀ Sátidé mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra mi, mo mú àkísà àti kẹrosíìnì. Àpótí fílítà ní imú kan tí a fi páànù ṣe, imú náà sì ní ẹnu méjì. Ọ̀kan kọjú síwájú, ibi tí atẹ́gùn tútù wà. Èkejì gba inú páìpù kan lọ sísàlẹ̀, ó lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí èéfín gbígbóná ti ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára imú náà, ọ̀rá dúdú ti bò ó. Mo nù ún. Mo tún nù ún. Ọ̀rọ̀ méjì ló yọ lábẹ́ ọ̀rá náà, lédè Faransé. Ọ̀kan ni ìgbà ooru, èkejì ni ìgbà òtútù. Ibi ìgbà òtútù ni wọ́n sún irin náà sí: ẹnu tó ń mu afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ṣí, afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í sì í fún ẹ́ńjìnnì lágbára láti gun òkè lọ́sàn-án.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Faransé ti sún un síbẹ̀ nítorí yìnyín, kí ọkọ̀ lè máa mí afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe bá òkun wá. A ti yọ tẹmọsítátì sọ nù pé kò sí òtútù nílẹ̀ wa, a wá fi imú ọkọ̀ sílẹ̀ sínú òtútù àwọn òyìnbó láti ọjọ́ yẹn. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ní ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí lọ́dọọdún, tí wọ́n máa ń bi mí pé, “Mà, kí la fẹ́ fi ìgbà òtútù ṣe?” tí n kì í sì í rí èsì gidi fún wọn! Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà ju bí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ rí lọ.

Mo wá ní láti yan ẹni tí yóò tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná ni wọ́n ti yí kábúrétọ̀ bá mu. Mo padà sọ́dọ̀ àgbàlagbà mi ní Ìkẹ́rẹ́. Mo nàka sí ọ̀rọ̀ náà, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó tẹ̀ síwájú wò ó.

Ó ní, “Tíṣà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣuṣẹ́ yìí. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ tún un pè kí n gbọ́.”

Ohun tí ó mú mi yàn án nìyẹn. Ẹni tó lè sọ pé òun kò mọ̀, èmi lè fi ọkọ̀ mi lé e lọ́wọ́. Ó bu epo sí irin náà, ó rọra lù ú títí ó fi yí. Páìpù tó yẹ kó lọ síwájú ti sọ nù, a jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù, a yẹ rọ́bà márùn-ún wò. Ó mú èyí tó nípọn, mo kọ̀ ọ́, mo mú èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ó wò ó, ó ní mo jàre. A so ó lọ sẹ́yìn iná iwájú, ó jìnnà sí ooru rédíétọ̀. Lẹ́yìn náà ó ti rọ́bà rẹ̀ bọ etí, ó ń yí ìdè kábúrétọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó na rọ́bà náà sí mi. Mo fi sétí. Ẹ́ńjìnnì ń lọ geerege, kò sí ìkọsẹ̀ kankan nínú rẹ̀.

Mo gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì lémi nìkan. Ó lọ dáadáa, ṣùgbọ́n èèyàn kan kì í ṣe èèyàn márùn-ún. Ọjọ́ tí àwọn ìyá wá ṣe ìpàdé ìjọ ní Ìkẹ́rẹ́, mo lọ dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi fẹ́ kọjá. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ ìgbà òtútù fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ó ní, “Látọjọ́ yìí, o ò ka ohun tí wọ́n kọ sí i? Ùwọ tíṣà?”

Ó wò mí, ó yí padà, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ojú wọn ni ìtìjú ti ṣẹlẹ̀, ojú wọn náà ni kó ti tán. Wọ́n wọlé, wọ́n fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn.

Ọ̀sán gangan ni bíi tọjọ́sí. Nígbà tí òkè náà yọ níwájú, mo rí ọwọ́ ìyá mi tó rọra lọ di ilẹ̀kùn mú, ó ti múra àtibọ́ sílẹ̀. Mo já a sí gíà kejì, mo tẹ tọ́tù. Ọkọ̀ náà dún, kò gbọ̀n, ó ń gòkè. A kọjá ibi tí mo ti fa bíréèkì lọ́jọ́sí. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i, àwọn alágbàdo ń sá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọwọ́ ìyá mi kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó yí gíláàsì wálẹ̀ tán pátápátá, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì gbé ìgùnpá rẹ̀ síta.

“Kí lo ń sáré sí?” ló wí. “Rọra, jàre. Jẹ́ kí ará ulú rí mi.”