Ọmọbìnrin Tó Ní Òun Fẹ́ Sọ̀kalẹ̀

Òórùn ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkòròdú, yàrá kékeré kan wà tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti kán sí, ibẹ̀ ni wọ́n fún ẹgbẹ́ wa. Fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo kò ṣeé ṣí tán, nítorí náà tí a bá ń kọ páálí ìkéde lọ́wọ́, òórùn ọ̀dà á kún inú yàrá, á sì wọ inú aṣọ wa, débi pé ìyá mi máa ń béèrè bóyá ilé ìwé ni mo ti ń bọ̀ àbí ibi tí wọ́n ti ń kun ilé. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn nígbà náà. Lójú tèmi, òórùn ẹni pàtàkì ni.

Èmi ni alága ẹgbẹ́. Tíṣà wa obìnrin kan ló dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ kíláàsì wa kan gbé mọ́tò ìyá rẹ̀ jáde láìsọ fún un, tó sì gbé e já sí kòtò. Ọmọ náà kò kú, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi rìn títí sáà yẹn fi parí. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí ilé ìwé bá ti jáde, a máa ń kó páálí wa lọ sí Benson, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti máa ń dúró de ọkọ̀, a ó sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò wíwà. Ẹnu mi dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Tí mo bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, àwọn tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì pàápàá á dákẹ́ gbọ́ mi. A ní ìwé ńlá kan tí àwọn ọmọ ń fọwọ́ sí, pé àwọn ò ní wa mọ́tò títí ọjọ́ orí àwọn á fi tó, tí àwọn á sì gba ìwé àṣẹ. Orúkọ mi ló wà lókè pátápátá.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí i yẹn, mo ti ń wa mọ́tò bàbá mi káàkiri ẹ́sítéètì wa ní ọ̀sán Sátidé, tí àbúrò bàbá mi á jókòó tì mí. Mo sọ fún ara mi pé inú ẹ́sítéètì kì í ṣe títì. Ọ́fíìsì bàbá mi wà ní Àìlàńdì, ọkọ̀ ojú omi ló máa ń wọ̀ ní Èbúté Ìkòròdú láàárọ̀, mọ́tò á sì wà nílé láti Mọ́ńdè títí di Fúráídè. Mo máa ń wò ó bí ọmọdé ṣe ń wo ẹran nínú ọbẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́. Ẹnì kẹta wa ni ọmọbìnrin kan tó kéré sí wa ní kíláàsì méjì, tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé. Ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀ láti kọ lẹ́tà gàdàgbà, nítorí náà páálí kíkọ la fi sí i lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó bi í rí pé kí ni èrò rẹ̀. Èmi náà ò bi í.

Ní sáà kejì, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ ní kí a wá bá àwọn sọ̀rọ̀, kí àwọn náà lè dá irú ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni tíṣà wa, ó sì ti lọ sílé wọn láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ní kí àwa mẹ́ta wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì, kí a dé kí aago mẹ́wàá tó lù. Òjò ló da ètò yẹn rú. Láti ìdájí ló ti ń rọ̀, bọ́ọ̀sì sì wọ́n. Nígbà tí ọ̀kan máa dé, awakọ̀ rẹ̀ wo páálí tí a gbé dání, ó ní òun ò lè kó ilé ìwé sínú mọ́tò òun. Mo wo aago. Mo ní, “Ẹ dúró síbí, mo ń bọ̀.” Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ wa, ìyá mi sì ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí mo fi padà dé iwájú wọn tí mo fọn fèrè mọ́tò.

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó wọlé síwájú. Ọmọbìnrin náà dúró díẹ̀.

“Sẹ́níọ̀, ṣé tíṣà mọ̀ sí i?”

Mo ní ó mọ̀. Irọ́ ni.

Mo rọra wà á jáde kúrò nílùú. Títí a fi kọjá afárá Ìtòìkín, ẹnikẹ́ni ò lè bá mi wí. Òjò ti dá nígbà náà, oòrùn sì ń yọ sórí títì tó ṣì tutù, afẹ́fẹ́ tó ń gba fèrèsé wọlé sì ní òórùn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi. Bóyá ẹwà àárọ̀ yẹn ló gun orí mi. Ọ̀rẹ́ mi tan orin, ẹsẹ̀ mi sì ń wúwo sí i. Nígbà tí tíṣà pè, mo fi ọwọ́ kan gbé fóònù, mo sọ fún un pé a ti fẹ́ dé. Mo gbọ́ ohùn kékeré kan láti ẹ̀yìn: “Sẹ́níọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.” Mo dá a lóhùn pé a ti pẹ́.

Ọkọ̀ akóyanrìn kan wà níwájú wa, ó ń fà lọ bí ìgbín, títì sì fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Mi ò rí iwájú. Mo ya ọkọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀kadà kan yọ sí wa, obìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó gbé agbọ̀n lé itan. Ọlọ́kadà sá wọ inú koríko. Mo já síwájú akóyanrìn, fèrè rẹ̀ ń ké tẹ̀ lé mi. Nínú dígí, mo rí ọ̀kadà náà tó dúró nínú koríko, obìnrin náà ṣì jókòó lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó fara pa. Ọ̀rẹ́ mi rín ẹ̀rín kan tí kò dénú, èmi náà sì rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀.”

Ohùn ọmọbìnrin náà ò ga. Mo rò pé ó fẹ́ tọ̀ ni, mo sì dúró lẹ́bàá àtíbàbà bàbá kan tó ń lẹ táyà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fa páálí méjì jáde, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń kúrò nínú yàrá aláìsàn.

“Ẹ máa lọ, Sẹ́níọ̀. Màá wọ bọ́ọ̀sì bá yín níbẹ̀.”

Mo ní kó wọlé, kó má dójú tì wá. Kò bú mi, kò sunkún, kò sì wọlé. Ó kàn dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ọ̀rẹ́ mi ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀. “Mi ò lè fi òun nìkan sílẹ̀ lójú ọ̀nà,” ó wí, kò sì wo ojú mi. Mo fi ìbínú ṣíná, mo lọ.

Mi ò tíì lọ jìnnà tí mo fi dín eré mọ́tò kù. Kò sí ẹni tí mò ń ṣe é hàn mọ́. Mo pa orin. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú ọkàn rí obìnrin orí ọ̀kadà náà dáadáa, gèlè rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó di agbọ̀n mú dípò kó di ọlọ́kadà mú. Mo dúró sẹ́bàá títì títí mo fi lè mí dáadáa, mo wá yí orí mọ́tò padà. Gbogbo ọkọ̀ ló ń ya mí sílẹ̀ lọ́nà àbọ̀ yẹn.

Wọ́n ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì bàbá alátáyà. Mo pe bàbá mi níwájú wọn, torí mo mọ̀ pé tí mo bá dúró di ìrọ̀lẹ́, irọ́ ni màá pa.

“Ta ló wà á débẹ̀?”

“Èmi ni, sà.”

Mò ń gbọ́ ohùn àwọn ará ọ́fíìsì lẹ́yìn rẹ̀.

“Ṣé ẹ ò fara pa?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé ẹ ò pa ẹnikẹ́ni lára?”

Ìbéèrè kejì yẹn ni kò kúrò létí mi rí. Mo ní rárá. Ó ní kí n ti mọ́tò pa, kí n má ṣe jókòó sídìí rẹ̀ mọ́, òun ń bọ̀ wá gbé e. Bàbá alátáyà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Fi í síbẹ̀, ọmọ mi,” ó ní. “Mi ò kúrò níbí di alẹ́.”

A wọ bọ́ọ̀sì. Aago mọ́kànlá ti kọjá ká tó dé, àwọn ọmọ ilé ìwé náà sì ti jókòó sínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Mo dúró níwájú wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí. Mi ò tíì sọ tó gbólóhùn mẹ́ta tí mo fi rí ọmọbìnrin náà lẹ́bàá ògiri, tó gbé páálí sókè pẹ̀lú apá méjèèjì, tó ń wò mí bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Kò ní tú mi fó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kí n lè sọ ọ́ nìyẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí kọ́kọ́rọ́ dé orí bẹ́ǹṣì. Mi ò wo ibi tí tíṣà jókòó sí.

Ọmọkùnrin kan wá nawọ́ sókè, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló fẹ́ bi ní nǹkan. Ó ní, “Báwo lo ṣe sọ fún Sẹ́níọ̀ rẹ pé kó dúró?”

Ọmọbìnrin náà sọ páálí kalẹ̀. “Mo kàn ní mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ̀ pé ó máa dúró.”

Àwọn ọmọ tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ẹni ló ń wà á ńkọ́? Tí wọ́n bá fi ẹni ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Ó dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn kékeré rẹ̀ yẹn, mo sì jókòó sílẹ̀ gbọ́.

Lọ́sàn-án, tíṣà mú wa gba Ọjà Olúwo, ó fẹ́ ra ẹja yíyan. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ tán. Bó ṣe ń ná ẹja, mo sún mọ́ ọmọbìnrin náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan. Mo bi í pé níbo ló ti rí irú ọkàn bẹ́ẹ̀. “Màmá mi ló kọ́ mi,” ó ní. “Wọ́n ní tí ẹnu mi ò bá ká awakọ̀, kí ẹsẹ̀ mi ká ilẹ̀.”

Tíṣà gba ipò alága lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sì tọ́ sí mi. Páálí kíkọ ni mo ṣe títí mo fi jáde, lẹ́tà mi ò sì dára tó tirẹ̀. Bàbá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan mọ́tò fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ síbi tí wọ́n ti kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Ẹgbẹ́ náà yí padà. A kì í gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ sí Benson ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. A máa ń to àga bí ìjókòó mọ́tò ni, a ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké wá jókòó lẹ́yìn, kí wọ́n máa fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ pé àwọn fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ojú máa ń tì wọ́n lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ò lè gbé ohùn sókè sí ẹni tó jù wọ́n lọ, kódà nígbà tó jẹ́ eré la fi ń ṣe.

Mo ti di ẹni tó ń fi mọ́tò gbé ìyàwó àti ọmọ kiri báyìí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé awakọ̀ kì í gbọ́ eré tí mọ́tò rẹ̀ ń sá. Ẹni tó jókòó tì í ló ń gbọ́ ọ, ẹ̀rù sì lè máa bà á láti sọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá wọ mọ́tò mi, ìbáà ṣe ọmọdé, mo máa ń sọ fún un kí n tó ṣíná pé tí ìwakọ̀ mi bá bà á lẹ́rù, kó sọ, màá dúró. Àwọn míì máa ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo sì dúró.