Wolé-wolé Nínú Sáúnà Lempi

Ní abúlé wa létí Adágún Superior, a kì í ra ìwé ìròyìn kí a tó mọ ohun tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe. Iwájú ilé Lempi Harju la máa ń wò. Bí àwọn sítóòfù onígi tí Lempi ń fi irin rọ tà, tí a ń ki igi bọ̀ dáná, bá tò síta, a mọ̀ pé wọ́n ti dẹ òfin èéfín. Bó bá fi tapólì bò wọ́n, a mọ̀ pé wọ́n ti tún fún un le. Ìjọba kan ṣe òfin, èyí tó gbapò rẹ̀ dá a dúró, ilé ẹjọ́ ní kó padà, àwọn aṣòfin ní kí wọ́n lọ tún un wò. Lempi àti Wilho, ọkọ rẹ̀, gbé sítóòfù wọlé gbé e jáde títí ẹ̀yìn Wilho kò fi nàró mọ́. Ó ní bí wọ́n bá tún dìbò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn yóò sin òun ni.

Kò rẹ Lempi ní tirẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó lágbára, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Kò sí ilé kan ládùúgbò wa tí kò ní sáúnà, ahéré onípákó tí a ń wọ̀ ní ìhòòhò láti làágùn, tí a ń da omi sórí òkúta gbígbóná. Sítóòfù Lempi ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, òun ni tọkọtaya náà fi ń jẹun. Àfi bí òfin tuntun ṣe dé, tó ní sítóòfù onígi tí kò bá yege àyẹ̀wò èéfín kò gbọdọ̀ di títà mọ́. Owó àyẹ̀wò náà sì ju gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ, kódà bí wọ́n bá ta Wilho mọ́ ọn.

Àyè kan ṣoṣo ló kù. Òfin náà ní ilé tí èèyàn ń gbé lòun ń bá wí. Sítóòfù inú ilé ìwẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Wọ́n bá rán wolé-wolé kan wá láti Chicago, pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń pè ní sáúnà, kó sì sọ bóyá ilé gbígbé ni tàbí ilé ìwẹ̀.

Rosalind Petrakis lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ bàtà ìgboro wá sínú yìnyín. Nílé wa, a kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ láìjẹ́ pé ó ti wọ sáúnà, tó sì ti mu kọfí. Lempi kó táwẹ́ẹ̀lì lé e lọ́wọ́. Láti òwúrọ̀ ni Wilho ti ń kọ́ ìyàwó rẹ̀ pé bí wọ́n bá bi í ní ohunkóhun, kó sáà ti ní ìwẹ̀ ni àwọn ń wẹ̀ níbẹ̀, kó sì panu mọ́. Lempi ṣèlérí. Wilho mọ ẹni tó fẹ́, ó lọ jókòó sórí igi ìdáná lẹ́yìn ògiri sáúnà, ó ń gbọ́.

Nínú ooru, ara Rosalind tú. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń fi ibẹ̀ ṣe gan-an, Lempi sì dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wilho mí kanlẹ̀. Rosalind mi orí.

“Ó jọ balùwẹ̀ náà nìyẹn, àbí, Ma?”

Balùwẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà ta Lempi lára bí ata.

“Balùwẹ̀ kẹ̀? Ọmọ mi, fara balẹ̀ gbọ́. Kí bàbá bàbá mi tó kọ́lé, ibí ló kọ́kọ́ kọ́. Ibí lòun àtìyàwó ẹ̀ ń sùn, ibí ni wọ́n ti ń dáná, ibí ni wọ́n ti ń bímọ. Orí pákó tóo jókòó lé yẹn ni wọ́n bí èmi sí.”

Rosalind wo pákó náà, ó sún díẹ̀. Wilho wúkọ́ níta. Lempi ò gbọ́, ó ti dé orí ìyá ìyá rẹ̀, tí wọ́n wẹ òkú rẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Wilho wúkọ́ bí ẹni tí eegun há sí lọ́fun, ó wá fi igi lu ògiri.

“Àgbọ̀nrín ni,” Lempi sọ fún àlejò, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó dánu dúró kó lè mí, Rosalind ti káwọ́ gbera.

“Ma, ilé gbígbé lẹ̀ ń ṣàlàyé fún mi yìí o. Tó bá sì jẹ́ ilé gbígbé, òfin mú yín.”

Ẹyin lohùn. Ìgbà náà ni Lempi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Rosalind kì í ṣèèyàn burúkú. Ó ní kí ìyá náà kàn sọ pé àwàdà ni, òun ò ní sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ni kí a máa ṣe ní sáúnà. A kì í purọ́ níbẹ̀. Lempi wo iná, ó ro ṣọ́ọ̀bù, ó ro ẹ̀yìn Wilho.

“Kì í ṣe àwàdà,” ló sọ.

Rosalind nu òógùn ojú. “Ó dáa. Ta lẹ bí síbí kẹ́yìn?”

Lempi ronú. Àwọn ọmọ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Arizona ni, níbi tí ooru ti pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń sìnkú ló ń fi mọ́tò wá gbé òkú báyìí.

“Èmi,” ló wí. “Èmi ni wọ́n bí kẹ́yìn. Kò tún sẹ́ni tó gbé ibí mọ́.”

“Òfin ò mú yín nìyẹn, Ma.”

Wilho fò sókè níta, igi ìdáná sì yí dànù lábẹ́ rẹ̀. Lempi rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń ro ó. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó sì ká a lára pé òótọ́ yẹn, pé ẹnì kankan ò bímọ níbẹ̀ mọ́, ló gbà wọ́n. Kó má baà ronú jù, ó gbé gbogbo omi inú garawa dà sórí òkúta. Ooru bò wọ́n, ìjọba àpapọ̀ tó ti Chicago wá ta jáde ní ìhòòhò, ó gba iwájú Wilho tó ń fi fìlà bojú kọjá, ó lọ jókòó sínú yìnyín, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Lempi yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọmọ mi, lọ́jọ́ tóo bá lóyún, wá bí i síbí.”

“Ma, tí mo bá bí i síbí, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù yín pa o!”

“Kí wọ́n tì í,” Lempi dá a lóhùn, kò sì rẹ́rìn-ín.