Eṣinṣin Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ìyàwó Ọ̀gá Mi

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń gbé mi padà síbẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ọ lára aṣọ ẹnikẹ́ni, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń rí yàrá tútù tí a ń kó eṣinṣin sí nínú mùsíọ́mù kan ní Dallas, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣì ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ìta ń gbóná bí ààrò, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ yìnyín ni gbogbo eṣinṣin tó wà nínú àwọn àpótí onígíláàsì yẹn: Aláskà, Kánádà, Sìbéríà, Fínláǹdì. Iṣẹ́ mi ni láti mọ àwọn tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà nínú wọn, kí n sì mọ orúkọ tó tọ́ sí oníkálukú. Eṣinṣin kan lè wà ní Aláskà, kí irú rẹ̀ gan-an wà ní Fínláǹdì, kí àwọn onímọ̀ ìhà méjèèjì sì ti sọ ọ́ lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìmọ̀. Bí a bá fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n, orúkọ tó ṣáájú ni yóò dúró, èyí tó tẹ̀ lé e yóò wọlẹ̀. Ojú lásán kì í sì í rí ìyàtọ̀ wọn. Ìdí akọ la máa ń wò lábẹ́ ẹ̀rọ awò. Ìyá mi ní Ìsẹ́yìn kò fẹ́ kí n sọ èyí fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. "Ṣé torí ìdí eṣinṣin lo ṣe wọ bààlúù lọ?" ni wọ́n máa ń bi mí lórí fóònù. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí díẹ̀, torí èèyàn ńlá ni mo ka ara mi sí nígbà náà.

Ọ̀gá mi jẹ́ òyìnbó arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ tí kò yé wá síbi iṣẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn eṣinṣin wọ̀nyẹn bọ̀ láti Aláskà nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ìyàwó náà ló fi àwọ̀n mú ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ wọn, eṣinṣin dúdú kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan nípa rẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ọ̀gá fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́. Obìnrin náà ti kú kí n tó dé, wọn kò sì bímọ. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọ̀gá bá wá, àpótí tí eṣinṣin yẹn wà ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Yóò wò ó díẹ̀, yóò pa á dé, yóò wá béèrè tíì.

Nígbà tó yá, onímọ̀ kan fi eṣinṣin mélòó kan ránṣẹ́ sí mi láti Fínláǹdì. Dúdú ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn pọ́n. Mo gbé ìdí wọn sábẹ́ awò, mo gbé ti Aláskà tì í. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo tún un wò títí ojú fi ń ro mí. Orúkọ ti Fínláǹdì sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀gá mi pàápàá. Ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ ń retí èsì mi. Bí n kò bá kọ ọ́, òun yóò kọ ọ́, ọ̀gá yóò wá kà á nínú ìwé bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún bàbá arúgbó pé orúkọ ìyàwó rẹ̀ ti kúrò lára nǹkan kan ṣoṣo tó ń jẹ́ ẹ láyé? Nílé wa, ẹnìkan kì í dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé. Wọ́n á kó àgbàlagbà jọ, wọ́n á jọ lọ jókòó ti ẹni náà. Nítorí náà, èmi onímọ̀ ìjìnlẹ̀, mo lọ bá lèmọ́mù mọ́sálásí wa ní Vickery Meadow, àti bàbá kan níbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Bàbá nọ́ọ̀sì kọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ gbọ́ o, ní hospital, direct la máa ń sọ ọ́ fún wọn. Òyìnbó ò fẹ́ delegation rárá."

"Ṣé òyìnbó kì í ṣe èèyàn ni?" ni lèmọ́mù dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn jókòó."

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, a wa mọ́tò lọ sí Coppell, níbi tí ọ̀gá ń dá gbé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí àgbà méjì nínú agbádá funfun pẹ̀lú mi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó dì mí mú léjìká. "Ìyá rẹ ni?" ó bi mí. Ó mọ̀ pé ara ìyá mi kò yá lọ́dún yẹn. Mo dorí kodò, ó sì gba ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú mi jókòó, ó bu omi fún mi, ó jókòó tì mí. Lèmọ́mù bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ sùúrù lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí àdúrà ṣe ń gùn ni ọ̀gá ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ìyá mi, tó ṣeé ṣe kí wọ́n máa jẹun alẹ́ lọ́wọ́ ní Ìsẹ́yìn. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Bàbá nọ́ọ̀sì ni kò lè mú un mọ́ra. "Sà, kò sẹ́ni tó kú," ó sọ ọ́ tààrà. "Eṣinṣin ni."

Ọ̀gá yọwọ́ lẹ́yìn mi. Kò béèrè èwo.

"Láti Fínláǹdì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O wo ìdí rẹ̀ dáadáa?"

"Mo wò ó, sà. Mo tún un wò."

Ó mi orí. N kò rí i kí àgbàlagbà kéré lórí àga bẹ́ẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, mo sì ń bá ara mi bínú pé mo kó èèyàn wá wò ó. Lèmọ́mù sún mọ́ ọn, ó ní nílẹ̀ tiwa, ọmọ kan lè ní orúkọ márùn-ún, mẹ́fà. Ọ̀kan ni wọ́n mọ̀ nílé ìwé, àmọ́ ìyá àgbà rẹ̀ kò ní torí ìyẹn yé pe tirẹ̀.

Ọ̀gá yíjú sí i. "Eṣinṣin kò ní ìyá àgbà," ó ní. "Bí mo bá kú, ta ni yóò máa pè é?"

Nígbà tí a dìde, ó ní kí n kọ ọ́, kí n má sì torí òun kọ ọ́ ní ìkọkúkọ. Lẹ́nu ọ̀nà, bàbá nọ́ọ̀sì bi í pé kí ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́. Ó sọ ọ́. Bàbá ní kó tún un pè, òun náà ń pè é tẹ̀ lé e títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo kọ ọ́. Èmi fúnra mi ni mo yọ bébà kékeré tí a kọ orúkọ náà sí lábẹ́ eṣinṣin náà tí mo fi òmíràn sí i. Ọ̀gá ṣì ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń mu tíì rẹ̀, ó ń kí mi, àmọ́ kò ṣí àpótí yẹn mọ́ títí ó fi kú. Ìyẹn ṣì ń dùn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí iṣẹ́ náà bá tún wá bá mi lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó kọ ọ́.

Plano ni mo ń gbé báyìí, àmọ́ mo ṣì ń lọ kírun Jímọ̀ ní mọ́sálásí wa àtijọ́. Ọ̀pá ni bàbá nọ́ọ̀sì fi ń rìn, wọn kò sì rí eṣinṣin yẹn sójú rí. Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́yìn ìrun, wọ́n ń wojú mi, wọ́n wá orúkọ mi títí, wọn kò rí i. Wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n wá pe orúkọ ìyàwó ọ̀gá mi gaara, wọ́n fi Màmá ṣíwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní ṣé Màmá wà dáadáa.

"Wọ́n wà, sà," mo dáhùn.