Télọ̀ Tó Ń Wọn Nǹkan Lẹ́ẹ̀mejì

Bí ẹ bá gbé aṣọ lọ fún télọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ má kánjú. Yóò wọn àyà yín, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò fi téèpù kọ́ ọrùn, yóò mí kanlẹ̀, yóò sì tún yín wọ̀n bí ẹni tí kò rí yín rí. Àwọn oníbàárà a máa ráhùn. "Màmá, ṣé mo ti sanra láàárín ìṣẹ́jú kan ni?" Èsì kan náà ló ní fún gbogbo wọn: "Aṣọ tí a bá ti gé, a kì í bẹ̀ ẹ́ kó padà." Bó ṣe di Ìyá Ẹlẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí kò wọn nǹkan kan rárá. Ó ní ọmọ ọmọ méjì, obìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá àti ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá, nítorí pé kò sẹ́ni tí kì í pàṣẹ fún. Àwọn méjèèjì ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì tún ní àìsàn tí kì í jẹ́ kí ìfun wọn gba àlìkámà. Búrẹ́dì di èèwọ̀, makaróònì di èèwọ̀. Dókítà ní àìsàn méjèèjì mọ ọ̀nà ilé ara wọn, pé ibi tí ọ̀kan bá wọ̀, èkejì a máa yọjú síbẹ̀ nígbà mìíràn. Ìyá gbọ́, ó mi orí, ó délé, ó sì fún ọmọbìnrin náà ní bisikíìtì tí wọ́n fi àlìkámà ṣe. "Díẹ̀ báyìí, kí ló fẹ́ ṣe?"

Wọ́n sì ti gún ọmọ lábẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, nítorí oúnjẹ ọ̀sán. Bisikíìtì yí i nínú, ó bi gbogbo ohun tó jẹ. Abẹ́rẹ́ wà lára, oúnjẹ tí yóò bá pàdé kò sí mọ́, ni ṣúgà ara rẹ̀ bá já wálẹ̀, ọmọ dákú. Ó yè é, ọpẹ́ ni. Àmọ́ ojú tí ọmọ rẹ̀, ìyá àwọn ọmọ náà, fi wò ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, ọdún mẹ́ta ni ojú náà fi ń tẹ̀ lé e kiri.

Bí a kò bá ṣubú, a kì í mọ ẹrù dì. Ìyá kò jókòó ti ẹkún. Ó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì tí ilé ìwòsàn ti ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú àtọ̀gbẹ, láàárín àwọn ìyàwó kéékèèké, òun ló sì ń kọ́kọ́ nawọ́. Ó fi òwú pupa so ọwọ́ gbogbo ìkòkò, ṣíbí àti asẹ́ àwọn ọmọ náà. Ẹni tó bá ti ọ̀kan nínú wọn bọ makaróònì, onítọ̀hún àti Ìyá ni. Ó ra òṣùwọ̀n kékeré fún ìrẹsì wọn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ rò pé ó ń wọ̀n ọ́n?

Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyá àwọn ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iléeṣẹ́ ti pè é síbi ẹ̀kọ́ tí yóò sọ ọ́ di fóòmàn, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀, torí àwọn ọmọ. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ó ń pẹ́ kó tó wálé. Nígbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní bí kò bá wá, àwọn yóò mú ẹlòmíì, àwọn kò sì ní pè é mọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni, ní ìlú míì.

"Máa lọ," ni Ìyá wí.

"Màmá, ẹ máa fi gbogbo òǹkà ṣúgà wọn ránṣẹ́ sí mi o. Bí nǹkan kan bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, mò ń padà bọ̀."

"Mo gbọ́. Ọkọ̀ rẹ ń lọ."

Ọjọ́ méjì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọmọ ti ilé ìwé dé, Ìyá ń parí etí aṣọ kan lórí máṣíìnì, Ọ̀gá sì fúnra rẹ̀ gún ìka, ó fi ẹ̀jẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ka ṣúgà. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún! Kí Ìyá tó dìde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi òǹkà ránṣẹ́ sí ìyá wọn. Fóònù dún.

"Màmá, ẹ gún un lábẹ́rẹ́ kíá! Mo ti ń di báàgì mi."

Ìyá mọ ohun tí báàgì yẹn túmọ̀ sí: bí ọmọ rẹ̀ bá padà, iṣẹ́ fóòmàn ti lọ nìyẹn. Síbẹ̀ ó wo Ọ̀gá. Orí àpótí ló dúró sí tó ń pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò béèrè omi, kò sáré lọ tọ̀ bí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Òǹkà yẹn tóbi jù fún un, bí ẹ̀wù bàbá lọ́rùn ọmọ.

"Mi ò ní tíì gún ẹnikẹ́ni," ni Ìyá dáhùn.

"Màmá! Ẹ̀rọ kì í purọ́!"

"Kì í purọ́, àmọ́ ohun tí a bá fi sí i lẹ́nu ló ń sọ. Ọ̀gá, mú ọwọ́ wá." Ó gbóòórùn ìka náà. "Kí lo ṣe kó o tó gún ìka?"

"Mo bó ọsàn, Màmá Àgbà. Ti ẹ̀yìn oúnjẹ ni, mi ò tíì jẹ ẹ́."

"O fọwọ́?"

Ọ̀gá wo òrùlé.

Ọṣẹ, omi, aṣọ ìnura tó gbẹ. Ìka mìíràn. Ìyá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kí ẹni tó wà lókèèrè lè gbọ́. "Márùndínlọ́gọ́rùn-ún," ló kà. Ó tún un ṣe, ẹ mọ̀ ọ́n. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún náà ni, bó ṣe yẹ kó rí; ṣúgà inú omi ọsàn ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ kà.

Ẹkún wà nínú ohùn tó jáde láti inú fóònù. "Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nílé, ǹ bá ti gún un, Màmá. Ǹ bá ti pa á."

Ó wu Ìyá kó yangàn, ó sì yangàn díẹ̀, èèyàn ni. "Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ ní kíláàsì." Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀. "Èmi náà ti ṣe tèmi rí, ọmọ mi. Báàgì yẹn ńkọ́?"

"Mò ń tú u."

Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá fi òǹkà àárọ̀ ránṣẹ́, fóònù kò dún. Ó fi ti ọ̀sán ránṣẹ́, kò dún. Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ rẹ̀ tó pè, Ìyá sì ti ṣí ìwé tó ń kọ òǹkà sí, ó ti fi ìka sórí ìlà, ó fẹ́ máa kà.

"Ẹ pa ìwé dé, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti jẹun?"