Súkúrù Mẹ́rin Tí Mọ́ṣúdù Kò Tíì Dè

Mọ́ṣúdù kì í gun ọ̀kadà. Gbogbo Sábó ní Ṣàgámù ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀kadà ló ń ṣe jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń rìn láti àdúgbò Ofin wá sí ìsọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ti ṣubú lẹ́yìn ọ̀kadà nígbà kan rí, egungun èjìká rẹ̀ dá. Wọ́n tò ó, ó jinná. Ẹ̀rù ibẹ̀ ni kò jinná. Bí àwọn ọlọ́kadà bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ sè é lẹ ò lè jẹ ẹ́ yìí?" Kì í dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Kì í tú ẹ́ńjìnnì, kì í lẹ táyà. Àpótí tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn ọ̀kadà, èyí tó ní kọ́kọ́rọ́, òun ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá rí àpótí náà á rò pé kọ́kọ́rọ́ ló dì í mú. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Orí irin pẹlẹbẹ kan ni kọ́kọ́rọ́ náà jókòó sí, súkúrù mẹ́rin ló sì de irin náà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Kòtò ojú ọ̀nà a máa tú súkúrù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ọwọ́ tú u. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tú tán, bí èèyàn ti kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àpótí á lọ, á sì mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Á kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán yí súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ihò wọn, kò ní dè wọ́n. Bí a bá de ọ̀kan le kí ìyókù tó wọlé, irin á wọ́. Ìgbà tí gbogbo wọn bá jókòó tán ni á tó mú sípánà, á de ti iwájú lápá ọ̀tún, á de ti ẹ̀yìn lápá òsì, á wá de méjì tó kù bákan náà. Bí nǹkan bá gbé e dìde láàárín iṣẹ́, á gbé sípánà náà sórí ìjókòó ọ̀kadà. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Bí sípánà bá wà lórí ìjókòó, iṣẹ́ kò tíì parí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò rí ìdí tó fi yẹ kó sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, lásìkò òjò, Akóredé gbé ọ̀kadà rẹ̀ wá. Àgbẹ̀ ni Akóredé, abúlé kan lẹ́yìn Ògèrè ló ń gbé, obì ló sì máa ń kó wá sí Sábó. Ó gbé Bánkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà. Oyún Bánkẹ́ ti wọ oṣù tó máa bí i, wọ́n fẹ́ ra ẹrù ọmọ.

"Bàbá, àpótí yìí ń mì," ni Akóredé wí. "Bánkẹ́ ló sì máa ń fẹ̀yìn tì í."

"Ta ló ní kó fẹ̀yìn tì í?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, Bàbá," ni Bánkẹ́ dáhùn. "Ẹni tó wà nínú ibí yìí ni kẹ́ ẹ bá wí, òun ló wúwo."

Aishat, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ikhlas, tó ń ta ewé tí wọ́n fi ń di obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Mọ́ṣúdù, bú sẹ́rìn-ín. "Ìbejì ni! Ẹyọ kan ò lè tóbi báyìí."

"Ẹ gbà á padà o, Ìyá Ikhlas!" ni Bánkẹ́ wí. " Níbo ni mo fẹ́ kó wọn sí lórí ọ̀kadà?"

"Inú àpótí ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Bánkẹ́. Mọ́ṣúdù kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ àpótí.

"A máa padà wá lẹ́yìn ìrun," ni Akóredé wí. "Márosẹ̀ la máa gbà lọ sílé. Ó yá ju ọ̀nà Ìpẹrù lọ."

Mọ́ṣúdù mi orí pé òun ti gbọ́. Akóredé fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà sọ́wọ́ Aishat, bí gbogbo oníbàárà ṣe ń ṣe, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì wọ ọjà lọ.

Ojú súkúrù àtijọ́ ti jẹ tán. Mọ́ṣúdù kó wọn dànù, ó ṣa tuntun mẹ́rin, ó fi ọwọ́ yí wọn wọlé. Èyí tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó nígbà tí ìpè ìrun dún. Ó gbé sípánà sórí ìjókòó, ó bu omi, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ.

Nígbà tó jáde ní mọ́ṣáláṣí, ojú ọ̀run ti ṣú, òjò wíníwíní ti ń kán. Ó dé ìsọ̀. Ọ̀kadà kò sí níbẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé olè ni. Lẹ́yìn náà ló rí sípánà rẹ̀ lórí tábìlì, lábẹ́ páànù, ó gbẹ furúfurú.

"Ìyá Ikhlas, ta ló gbé sípánà yìí síbí?"

"Èmi ni," ni Aishat wí. Ó ń fi ọ̀rá bo ewé rẹ̀. "Òjò fẹ́ pa á. Mo ní kó má baà dógùn-ún."

"Ọ̀kadà ńkọ́?"

"Akóredé ti gbé e lọ. Wọ́n ń sá fún òjò. Ó bi mí bóyá ẹ ti parí, mo wò ó, mo rí orí súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ihò wọn. Mo ní ẹ ti parí." Ó gbójú sókè wò ó. "Àbí ẹ ò tíì parí?"

"Mi ò tíì dè é."

"Èwo nínú wọn?"

"Kò sí èyí tí mo dè."

Aishat ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé! Bánkẹ́! Olóyún ló fẹ̀yìn tì í yẹn!"

"Pè wọ́n."

Aishat ní nọ́ńbà Akóredé nítorí ewé tó máa ń rà. Ó pè é. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè, ó ń dún. Lójijì ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bàbá, inú àpótí ni wọ́n kó fóònù sí. Ti àwọn méjèèjì. Wọ́n ní àwọn tó ń já fóònù gbà pọ̀ lójú ọ̀nà."

Mọ́ṣúdù ń gbọ́ bó ṣe ń dún lọ́wọ́ Aishat. Bó bá ń dún, ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀, àpótí ṣì wà lẹ́yìn ọ̀kadà. Lẹ́yìn náà ló rò pé fóònù lè máa dún láàárín títì náà.

"Máa pè é," ló wí. "Má dákẹ́."

Ó mọ bó ṣe máa rí. Súkúrù tí a kò dè lè múra dúró nínú ìlú, níbi tí ọ̀kadà ti ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tó bá dé márosẹ̀, tí eré bá pọ̀, ọ̀kan á yọ, ìkejì á tẹ̀ lé e, irin á gbé ẹnu sókè. Nígbà náà ẹni tó bá fẹ̀yìn ti àpótí kò ní rí nǹkan fẹ̀yìn tì mọ́. Tírélà ló sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó jáde sí ẹ̀bá títì. Tawfiq, ọlọ́kadà tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù, jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó fi ọ̀rá borí nítorí òjò.

"Gbé mi lọ sí Ògèrè. Gba márosẹ̀."

"Ta ni?" ni Tawfiq wí. "Ẹ̀yin? Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n pe àwọn ará yòókù kí wọ́n wá wòran." Ó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó wo ojú Mọ́ṣúdù, kò sì rín in mọ́. Ó ta ẹ́ńjìnnì.

Mọ́ṣúdù gòkè. Ó fi apá méjèèjì wé Tawfiq níkùn.

"Bàbá, ẹ fẹ́ fún mi pa ni? Ẹ di irin ẹ̀yìn mú."

Kò di irin ẹ̀yìn mú. Ó mọ ohun tó máa ń di irú irin bẹ́ẹ̀ mú.

Wọ́n bọ́ sí márosẹ̀. Òjò ń nà wọ́n lójú. Tírélà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, afẹ́fẹ́ wọn ń ti ọ̀kadà síbí, ó ń tì í sọ́hùn-ún, omi ẹsẹ̀ táyà wọn ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Èjìká tó ti dá rí ń jẹ Mọ́ṣúdù. Ojú rẹ̀ fẹ́ dì, ó kọ̀ fún un. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ń wá bàtà, ó ń wá aṣọ, ó ń wá ohunkóhun. Ó bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, ó dé àárín, kò rántí ibi tó kù mọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò parí rẹ̀.

Fóònù tirẹ̀ ń gbọ̀n lápò. Tawfiq ya sẹ́bàá ọ̀nà kó lè gbé e.

"Bàbá," ni Aishat wí, ó ń sunkún, "kò dún mọ́. Obìnrin inú fóònù ní kò sí lórí ìlà."

Mọ́ṣúdù fi fóònù sápò. "Máa sáré," ló wí fún Tawfiq.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ògèrè nígbà tó rí nǹkan funfun kan láàárín títì. Ó kéré. Ó pariwo kí Tawfiq dúró. Fìlà ọmọ tuntun ni. Níwájú díẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ìlédìí ọmọ, tí táyà ti tẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ló rí àpótí, ó ti fọ́ sí méjì. Kọ́kọ́rọ́ ṣì tì pa síbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ṣì wà nídìí kọ́kọ́rọ́, ihò mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, kò sí súkúrù kankan nínú wọn.

Kò sí ọ̀kadà níbẹ̀, kò sí èèyàn. Ó wo ilẹ̀ títì bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Òjò ti ń fọ títì, kò mọ ohun tí òjò ti fọ̀ lọ.

Ọkùnrin kan tó ń ta táyà àlòkù lẹ́bàá ọ̀nà ń wò wọ́n. "Ṣé ẹbí obìnrin yẹn ni yín?" ló bèèrè. "Wọ́n ti gbé e lọ."

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Èmi ò mọ̀ o, Bàbá. Wọ́n gbé e ni. Ilé ìwòsàn Ògèrè ni wọ́n sọ."

Láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn, Mọ́ṣúdù kò mọ̀ pé orí ọ̀kadà lòun wà.

Akóredé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró síwájú ilẹ̀kùn kan tí wọ́n tì. Orúnkún rẹ̀ ti bó, aṣọ rẹ̀ ń kán tótó. Ó rí Mọ́ṣúdù, kò kí i.

"Bàbá, kí lẹ ṣe fún mi?"

"Mi ò tíì dè é. Ọwọ́ lásán ni mo fi yí i, mo lọ kírun."

"Wọ́n ní ẹ ti parí!"

"Mo fi àmì sílẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àmì ni. Ẹ̀bi mi ni."

Akóredé ní, "Ó sọ fún mi pé nǹkan ń gbá òun lẹ́yìn. Mo ní kó dì mí mú. Mo ń rọra dúró. Ó kù díẹ̀ kí n dúró tán ni àpótí lọ. Bánkẹ́ já sílẹ̀, ìdí ló fi jókòó sí títì. Tírélà kan yà fún un. Bàbá, báyìí ló yà fún un." Ó fi ọwọ́ hàn án. Àlàfo náà kò ju ìbú ilẹ̀kùn lọ. "Láti ìgbà náà, ọmọ ò ta nínú rẹ̀ mọ́."

Mọ́ṣúdù jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Wọ́n ń gbọ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ṣé ó ń ta?"

"Rárá, mà."

"Yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Báyìí ńkọ́?"

"Rárá."

Òjò le sí i lórí páànù. Tawfiq wọlé, ó bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì jágbe láti inú yàrá pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́, òun fẹ́ gbọ́ nǹkan. Wọ́n pa ẹnu mọ́. Òjò ni kò pa ẹnu mọ́. Mọ́ṣúdù ń wo ìlẹ̀kẹ̀ omi tó ń ti ara aṣọ Akóredé bọ́ sílẹ̀. Kò gbàdúrà. Ẹ̀rù ń bà á láti bèèrè.

Bánkẹ́ bú sẹ́kún.

Akóredé di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kò lè ṣí i. Nọ́ọ̀sì ló ṣí i fúnra rẹ̀.

"Ọmọ ń bẹ," ló wí. "Mo gbọ́ ọkàn rẹ̀, ó ń lù dáadáa. Ẹkún ẹ̀rù ló ń sun yẹn, ẹ jẹ́ kó sun ún. Ṣùgbọ́n kò ní lọ sílé lónìí. Irú ìṣubú báyìí, a ò lè sọ pé ó tán títí di ọ̀la."

Akóredé wọlé tọ ìyàwó rẹ̀ lọ. Nígbà tó tún jáde, ó dúró síwájú Mọ́ṣúdù.

"Bàbá, mi ò ní gbé ọ̀kadà yìí wá sọ́dọ̀ yín mọ́."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Akóredé ń dúró bóyá yóò bẹ òun. Ọ̀kadà náà wà níta lẹ́bàá ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, òjò ń pa á. Mọ́ṣúdù wò ó gba ẹnu ọ̀nà láti ibi tó jókòó sí.

"Ẹni tó o bá gbé e lọ bá," ló wí, "sọ fún un kó wo àwọn súkúrù tó de irin ẹ̀yìn ọ̀kadà gan-an. Méjì ni wọ́n. Mi ò tíì fọwọ́ kàn wọ́n."

Akóredé wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Tawfiq ní kí àwọn máa lọ, òjò ti ń dá.

"Máa lọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi rìn dé Ṣàgámù?"

"Nọ́ọ̀sì ní títí di ọ̀la," ni Mọ́ṣúdù wí. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra kúrò lójú ọ̀nà àwọn tó ń kọjá, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn.