Ààwẹ̀ tí Màmá Ọláníyan Gbé Fún Báyọ̀dé

Bí ẹ bá dé ìjọ wa ní Ìgàndò ní ọjọ́ Ọjọ́rú, tí ẹ rí àwọn èèyàn tó tò sórí bẹ́ǹṣì, Màmá Ọláníyan ni wọ́n ń dúró dè. Abigail lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe Ìyá Àdúrà lórúkọ? Aṣọ funfun ìjọ ni wọ́n ń rán jẹun ní ibùdókọ̀ Pleasure. Tó bá ti di Ọjọ́rú, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n á wá máa gba àwọn tí ọkàn wọn dàrú nímọ̀ràn. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ẹnu wọn yá ju etí wọn lọ. Ẹ ò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí wọ́n á ti dárúkọ Sáàmù tí ẹ máa kà.

Oṣù tó kọjá ni Báyọ̀dé wá. Olùkọ́ ni ní Ẹ̀gbẹ́dá, ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Kò rí oorun sùn mọ́, ó sì ń gbọ́ ohùn olóògbé nínú ilé ìdáná. Màmá ní kó wọ inú ọgbà ìjọ, kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta. Ohunkóhun ò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, omi pàápàá, títí Màmá fúnra wọn yóò fi ṣínu fún un. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn: ẹni tó gbé ààwẹ̀ fúnni ló ń gbàdúrà ìṣínu.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Dókítà ti fún un ní oògùn tí kò gbọdọ̀ pa jẹ, kò sì lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó jáde nínú ọgbà, ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìgàndò dé Ìyànà Ìpájà nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Ẹnì kan ò dá a dúró. Ta ni yóò dá Aládùúrà dúró? A kì í wọ bàtà sí aṣọ àdúrà, a sì máa ń dá gbàdúrà lójú ọ̀nà. Àwọn kan tiẹ̀ ní kó súre fún àwọn. Ibi tó ti fẹ́ sọdá títì márosẹ̀ ni ọkọ̀ ti gbá a, itan rẹ̀ ṣẹ́.

Ní ọsibítù, kò jẹun, kò gba oògùn. Ó ní Màmá ò tíì ṣínu fún òun. Hephzibah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, pe Màmá lórí fóònù: "Ẹ wá tú ọmọ yìí sílẹ̀ kó tó kú mọ́ wa lọ́wọ́ o!"

Ẹ̀rù ba Màmá. Àwọn àgbà ìjọ ní kí wọ́n má lọ, pé ayé ló ṣe Báyọ̀dé, pé tí wọ́n bá yọjú, ẹbí á di gbogbo ẹ̀ ru ìjọ. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi jókòó sídìí máṣíìnì láìrán nǹkan kan. Inú bí mi gan-an.

Mo ní, "Màmá, ojo lẹ̀ ń ṣe yìí. Tó bá jẹ́ ọmọ yín ńkọ́?"

Wọ́n dìde, a jọ lọ.

Ẹnu ọ̀nà la ti bá Hephzibah. Kò kí wa. Màmá kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ. "Kì í ṣe ayé kankan. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe." Hephzibah bú sẹ́kún, ó ní kí wọ́n dìde jàre, kí wọ́n wọlé.

Báyọ̀dé ti rù. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, àdúrà wọn ò gùn rárá. "Ààwẹ̀ ti parí. Lanu, ọmọ mi." Ó lanu lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì fi oògùn sí i, ó gbé e mì. Ara tù mí, mo ti ń wá báàgì mi.

Báyọ̀dé wá ní, "Màmá, mo mú oògùn yẹn dání lọ́jọ́ tí mo wá. Mo fẹ́ fi hàn yín. Ẹ ní kí n dákẹ́, kí n gbọ́ ohun tí Ẹ̀mí ń sọ."

Màmá ò lè wò ó lójú. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Sọ ọ́ báyìí, ọmọ mi. Mo ń gbọ́."

"Ó ti rẹ̀ mí, Màmá," ni Báyọ̀dé wí, ó sì yíjú sí ògiri.